Súwẹ́tà Nínú Ooru Oṣù Kẹta

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ìpàdé òbí àti olùkọ́ sọ nìyí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, lórí àwọn ọmọ tó ń pa ara wọn lára. Àwọn tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọmọ Àjílété, ẹ kú ìjókòó. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tó máa ń pè wá ní nọ́ọ̀sì àwọn wèrè, ẹ tètè rẹ́rìn-ín yín tán ká lè bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú oṣù kẹta, àsìkò tí kajú ń pọ́n, tí oòrùn ìlú yìí ń ta ènìyàn lórí bí ẹni tó wá sin gbèsè, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún 14 ni. Súwẹ́tà skúùlù ló wọ̀, aláwọ̀ búlúù tó nípọn. Ó ti dá ihò sí etí apá súwẹ́tà náà, ó ki àtàǹpàkò bọ inú ihò ọ̀hún lọ́wọ́ méjèèjì kí aṣọ má baà sún sókè. Òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Mo ní kó bọ́ súwẹ́tà, ó ní òtútù ń mú òun. Ìyá rẹ̀ ní, "Ibà ni wọ́n ní ó ń ṣe é, nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ mẹ́ta."

Nígbà tó bọ́ ọ tán, mo rí apá rẹ̀. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ohun tí èmi ṣe ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo pariwo. Èmi tí mo ti kàwé lórí ẹ̀, tí mo ti yege ìdánwò lórí ẹ̀. Mo ní, "Háà! Kí ló dé tí o ń ṣe ara ẹ báyìí? Ṣé o ò rí ìyà tó ń jẹ màmá ẹ ni?" Ọmọ náà ò fèsì. Ó nawọ́ mú súwẹ́tà rẹ̀ lórí tábìlì, ó wọ̀ ọ́, ó tún ki àtàǹpàkò bọ ihò rẹ̀, ọ̀kan, èkejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló kọjá kó tó tún bọ́ súwẹ́tà yẹn níwájú mi. Ohun tí mo kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni mo gbé wá síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Tí ènìyàn bá ṣe ara rẹ̀ léṣe, Yorùbá á ní ó pa ara rẹ̀ lára. Tó bá gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n á ní ó pa ara rẹ̀. "Lára" nìkan ló dúró sí àárín méjèèjì, etí òbí tí ẹ̀rù ti bà kì í sì í dúró gbọ́ ọ. Wọ́n á pè é láti skúùlù pé ọmọ rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ lára, ohun tó máa gbọ́ ni pé ọmọ rẹ̀ ń pa ara rẹ̀. Kó tó dé géètì, ó ti pe pásítọ̀, ó ti pe ẹ̀gbọ́n bàbá, ó ti ń wá bẹ́líìtì.

Àwa tó ń tọ́jú wọn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kì í ṣe ikú ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wákàtí yẹn ni wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa là kọjá. Nǹkan kan ti kún inú wọn dé ọ̀fun, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa dà á sí, wọ́n sì ti ṣèèṣì rí ohun kan tó ń dín in kù fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sùn. Ọmọ tó ń pa ara rẹ̀ lára súnmọ́ ewu ikú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe é lọ, pàápàá tó bá ti ń pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, tàbí tó bá ti ń sọ pé ayé sú òun. Ọmọ tó ń wá bó ṣe máa wà láàyè, ẹ má tíì sọ ọ́ di òkú. Ẹ má sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ bi í. Lójúkojú. "Ṣé ó ti ń wá sí ẹ lọ́kàn pé kí o kú?" Mo rí bí ẹ ṣe ń wò mí. Ẹ rò pé tí ẹ bá béèrè, ẹ ti gbìn ín sí i lọ́kàn nìyẹn. Wọ́n ti yẹ èyí wò. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2005, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 jọ láti ilé ẹ̀kọ́ gírámà mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ikú lọ́wọ́ àwọn kan, wọn ò béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n bi kò ronú ikú ju àwọn tí wọn ò bi lọ. Àwọn tó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì tẹ́lẹ̀ nínú wọn, ṣe ni ara tù wọ́n díẹ̀ sí i. Ẹ béèrè jàre.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú yìí, mo rí pélé, mo rí gọ̀ǹbọ́, bàbá kan sì ń bẹ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn tó jẹ́ pé àbàjà wọn nìkan ti tó káàdì ìdánimọ̀. Ta ni nínú wa tí wọn ò sín gbẹ́rẹ́ fún rí? Ara yíya ò ṣàjèjì sí wa. Dókítà ọpọlọ kan wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Armando Favazza, tó ti ń tẹnu mọ́ ọn láti 1987 fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má da ohun tí àwùjọ fi sára ọmọ wọn pọ̀ mọ́ ohun tí ọmọ ń dá fi sára ara rẹ̀. Ìta gbangba ni olóòlà ti ń kọ ilà. Ẹbí pé, ìyá ń ki ọmọ, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kó hàn. Èyí tí mò ń sọ yìí, ilé ìwẹ̀ ni, ilẹ̀kùn títì, omi ń ya sínú bókẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ nǹkan kan. Ilà ń sọ ilé tí ọmọ ti wá. Ohun tí eléyìí ń sọ, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Mo mẹ́nu ba gbẹ́rẹ́ torí pé ó máa ń ṣì wá lọ́nà. Ọmọ á ní gbẹ́rẹ́ ni ìyá àgbà sín fún òun lábúlé, àwa náà á sì gbà, nítorí ta ló máa lọ bi ìyá àgbà? Tíṣà kan náà á tún rí ojú ọgbẹ́ lápá ọmọkùnrin, á ní ó ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Mo mọ ọmọ SS2 kan tí wọ́n torí ẹ̀ lé nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ó ti mulẹ̀. Kò mu nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ló kú ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, òun sì ni dáwódù. Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo àwọn tó ń kí i ló ń sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún, pé àwọn àbúrò rẹ̀ ń wò ó. Kò sì sunkún. Ògiri ẹ̀yìn ilé wọn ló ń gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lóru títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, nígbà tó yá, ògiri ò tó o mọ́. Ti àwọn ọmọkùnrin kì í tètè hàn sí wa báyìí, torí pé tí wọ́n bá gbá ògiri, a máa ń ní inú fùfù ni.

Ọjọ́ orí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ọdún 12 sí 14. JSS nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 ṣa ọ̀pọ̀ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni pé nǹkan bí ọ̀dọ́ 17 nínú 100 ló ti pa ara wọn lára rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka àwọn ọmọ tó wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo nínú ọgbà yìí. Ìgbà tí ẹ bá ń ka iye yẹn, ẹ rántí èyí náà: ní ìpínlẹ̀ Victoria, ní Ọsirélíà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ tó lé díẹ̀ ní 1,800 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan bí 8 nínú 100 ló ń ṣe é nígbà èwe. Nígbà tí wọ́n fi di ẹni ogún ọdún ó lé, 9 nínú 10 àwọn tó ń ṣe é ti jáwọ́. Nítorí náà, ìyá tó jókòó sí apá ọ̀tún tó ti ń fi etí gèlè nu ojú, ẹ rọra. Ó máa ń tán. Iṣẹ́ wa ni pé kó tètè tán, kí ọmọ má sì ṣe ara rẹ̀ léṣe tí kò ní àtúnṣe kó tó tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ díẹ̀ nípa ara wa. Báwo la ṣe ń kọ́ ọmọ láti gbé ìnira? A ó na ọmọ. Ó máa bú sẹ́kún. A ó ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Tí n bá tún gbọ́ ohùn ẹ!" Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la jẹ ẹ́, gbogbo wa la sì ń bù ú fún ọmọ. Ọmọ yẹn á máa fa imú, èjìká rẹ̀ á máa mì, á gbé ẹkún náà mì bí ẹni gbé òkèlè tó gbóná mì. Òwe wa tó ní ká fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan la jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Tún wo ti èdè. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún inú tó ń dààmú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àyà mi ń já. Ọkàn mi pòrúurùu. Inú mi ń ru. Ó ti sú mi. Ara mi ò gbà á mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó ń gbé nínú ara. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń mú wá bá mi wá ti skúùlù tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ fainákúlà. Tí mo bá ní báwo ni inú ẹ ṣe rí, wọ́n á ní, "Fáìn, mà." Òyìnbó tí wọ́n gbọ́ kò ju ti ìdánwò lọ. Yorùbá tí wọn ì bá fi sọ ọ́, a ti fi owó lé e jáde kúrò lẹ́nu wọn. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò rí i nínú ìwádìí kankan, ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan kí a tó jọ wá ọ̀rọ̀. Ṣé ó ń já ni, àbí ó ń ru? Àbí ńṣe ló dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé?

Èyí tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn pọ̀. Àwọn kan ń pa ara wọn lára kí wọ́n lè mọ nǹkan kan lára. Àwọn mìíràn ń fi jẹ ara wọn níyà, torí pé ẹnì kan ti sọ ọ́ fún wọn títí wọ́n fi gbà pé àwọn ò wúlò. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹni tí inú rẹ̀ ti kún àkúnya. Tí ara bá gbọgbẹ́, ọpọlọ a máa tú èròjà kan jáde tó ń pa ìrora, ìbátan mọ́fíìnì ni. Bí ìrora ara ṣe ń rọlẹ̀, ti inú náà á bá a rọlẹ̀ díẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Lẹ́yìn náà, ìtìjú á dé, ìtìjú yẹn á di ìnira mìíràn, ọpọlọ tí kì í gbàgbé á sì tún rántí ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá. Bó ṣe ń di bárakú nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé ọmọ náà fẹ́ kí wọ́n máa wo òun ni, ẹ bá mi bi í: súwẹ́tà nínú ooru oṣù kẹta ńkọ́? Ta ló ń fi nǹkan hàn tó ń bò ó mọ́lẹ̀?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ ṣá. Nígbà mìíràn, lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ẹnì kan ń bẹ nínú ilé tó ń fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, àmọ́ mi ò lè fò ó. Ẹ má bi ọmọ léèrè níwájú gbogbo ará ilé, torí ẹni tó ń bẹ̀rù lè jókòó sí àárín yín.

Nígbà tí ìdààmú bá dé, ibo la máa ń gbà? A máa ń nà án. A máa ń gbé Bíbélì tàbí Kùránì lé e lọ́wọ́ pé kó búra pé òun ò ní ṣe é mọ́. Ọmọ á búra, á tún ṣe é, ìbúra tó dà á wá di ẹrù kún ẹrù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹlẹgbẹ́ mi náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo wà níbì kan rí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, tí wọ́n rán ojú ọgbẹ́ ọmọ láì fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Wọ́n ní ṣebí ó fẹ́ràn kí ó máa dun òun. Ọmọ náà ò pariwo. Ó ń ka páálí sílíìnì lókè.

Àwọn kan ò tilẹ̀ ní gbé ọmọ wá sílé ìwòsàn, nítorí ọlọ́pàá. Ẹ̀rù wọn ní ìdí. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Èrò tèmi ni pé òfin burúkú ni, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó pa ara rẹ̀ lára láì fẹ́ kú. Ẹ rí i, "lára" yẹn tún dé. Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun sì ti wà, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, òun ló rọ́pò òfin 1958 tó jẹ́ pé orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ni Òfin Wèrè.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìtọ́jú wàyí, torí òun ló mú inú mi dùn jù.

Ní 1961, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọdún 17 kan lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ní Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ó ń pa ara rẹ̀ lára débi pé wọ́n tì í mọ́ yàrá kan lóun nìkan. Ó lé ní ọdún méjì tó lò níbẹ̀. Gbogbo oògùn tó wà nígbà náà ni wọ́n fún un, wọ́n fi iná mànàmáná tọ́jú orí rẹ̀, kò gbọ́. Marsha Linehan lorúkọ rẹ̀. Ó jáde, ó kàwé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ó sì fi gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ wá ìtọ́jú fún irú ẹni tí òun jẹ́ rí. Ìwádìí ńlá àkọ́kọ́ lórí ìtọ́jú náà jáde ní 1991. Ní 2011, nígbà tó ti di ìyá àgbà ẹni ọdún 68, ó padà sí ilé ìwòsàn kan náà tí wọ́n ti tì í mọ́lé, ó dúró níwájú àwọn ènìyàn, ó sì sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni òun ti dùbúlẹ̀ rí. Àádọ́ta ọdún ni àṣírí yẹn fi wà nínú rẹ̀. Òun náà ní súwẹ́tà tirẹ̀.

Nǹkan méjì ni ìtọ́jú rẹ̀ so pọ̀, tí àwa máa ń rò pé wọn ò lè gbé inú ilé kan: mo gbà pé ìnira rẹ jẹ́ òótọ́, mi ò sì gbà kí o dúró síbi tí o wà. Ọmọ tó gbọ́ ti kejì láì gbọ́ ti àkọ́kọ́, etí rẹ̀ ti di. Ibi tí mo ti ṣubú lọ́jọ́ súwẹ́tà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n fi bá a ṣe ń ṣe é hàn yín. Tí ọmọ bá ti pa ara rẹ̀ lára láàárín ọ̀sẹ̀, a ó mú bébà, a ó tú ọjọ́ yẹn bí aláṣọ òfì ṣe ń tú òwú tó ta kókó, láti ìparí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, láì fà á já. Ọmọbìnrin wa kọ tirẹ̀ báyìí. Ọjọ́bọ̀ ni. Alẹ́ ló ṣe é. Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Ó ń sunkún lábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣáájú ìyẹn? Màmá rẹ̀ ní, "Ṣé orí méjì ni ọmọ tó gba 36 ní?" Ṣáájú ìyẹn? Wọ́n dá ìwé ìṣirò padà, ó gba 11 nínú 40. Ṣáájú ìyẹn? Kò jẹun láti àárọ̀. Kò sùn lóru torí ìdánwò náà.

Ẹ wo bí òwú ṣe gùn tó. Ibi tí gbogbo wa ń wò ni ìparí rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ ò lè ká a mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kókó yẹn la wá ń wá nǹkan fi sí. Kó jẹ gààrí tó bá jẹ́ gààrí ló wà. Tí inú bá ti ń ru, kó bu omi tútù sójú dáadáa, kó sáré yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ara tó ń gbóná a máa fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, kì í ṣe àfòṣe. Kó ní ẹni méjì tó máa pè, kí nọ́ńbà wọn wà lórí bébà, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ pòrúurùu kì í rántí nǹkan kan. Nígbà tá a dé kókó ti màmá rẹ̀, a pe màmá náà wọlé. Wọ́n wo bébà títí. Wọ́n ní, "Mi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀." Ọmọ ní, "Ẹ̀ ń gé ilá nígbà yẹn ni." Ìyẹn ni ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, lójú tèmi.

Wọ́n ti dán an wò fún àwọn ọ̀dọ́ ní pàtó. Ní Oslo, nílẹ̀ Norway, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 pín ọ̀dọ́ 77 sí méjì. Àwọn tó gba ìtọ́jú yìí fún ọ̀sẹ̀ 19 dín ara-pípa-lára kù ju àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn òbí náà kọ́ ohun tí ọmọ kọ́. Kì í kúkú ṣe gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí 2018 kan kó ọ̀dọ́ 832 jọ, wọ́n ń pe ẹbí jókòó fún ìtọ́jú ẹbí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín pípadà wọn sílé ìwòsàn kù ju ìtọ́jú tí wọ́n ń rí gbà tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe ka ìyẹn sí ni pé ìjókòó ẹbí nìkan ò tó tí kò bá sí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwa Yorùbá ẹ̀wẹ̀ ti ní àpẹẹrẹ tiwa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, wọ́n á jọ máa gbé àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, wọ́n á jọ máa dáná. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Ti oògùn: kò sí oògùn tó wà fún pípa ara ẹni lára. Tí ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn bá wà lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ní oògùn, dókítà ló sì máa sọ.

Ìlú yìí ti mọ ilé ìwòsàn tipẹ́. Láti 1907 ni àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń ṣe ìtọ́jú níbí, ibẹ̀ ló di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen ní 2009. Ti LAUTECH náà wà. Ẹ béèrè ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. UCH ní Ìbàdàn ní àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé ní pàtó. Mi ò ní tàn yín: dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà kò tó ẹyọ kan fún 100,000 ènìyàn, ìlà á gùn. Kí ìlà tó kàn yín, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́, ẹ dì í, èyí tó bá jìn ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko, oògùn koríko àti oògùn kòkòrò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í síbi tí ọmọ ò lè dé, oògùn inú ilé náà bákan náà. Tí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè.

Bàbá kan dìde, wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì ló fà á, kí àwọn gba gbogbo fóònù. Mo ní òótọ́ wà níbẹ̀: ó máa ń ràn láàárín àwọn ọmọ, wọ́n sì máa ń rí i lórí fóònù. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi bẹ skúùlù pé kí wọ́n má ṣe mú ọmọ kankan dúró níwájú àsẹ́ńbílì kí wọ́n fi apá rẹ̀ hàn. Ẹni tí kò gbọ́ nípa ẹ̀ rí á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ti fóònù, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ọmọ kẹ́ ẹ wo ohun tó ń wò. Ẹ tún rántí pé orí fóònù yẹn ni nọ́ńbà ẹni tó máa pè wà.

Wòlíì kan béèrè ti ẹ̀mí àìmọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbàdúrà fún un. Ẹ má fi pàṣán sí i. Ẹ má sì jẹ́ kó gbààwẹ̀, ẹ ti gbọ́ ti kókó àkọ́kọ́ lórí bébà: ebi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn gbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n rántí.

Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló béèrè kẹ́yìn. Wọ́n ní ṣé kí àwọn ṣòfin pé lẹ́yìn ọyẹ́, kò sí súwẹ́tà mọ́ nínú ọgbà? Mo ní rárá o. Tí ẹ bá gba súwẹ́tà, ibi tí ojú yín ò lè dé lọmọ máa gbé e lọ. Èmi náà wá bi wọ́n léèrè: nínú skúùlù yìí, tí inú ọmọ bá kún lónìí, ta ló lè bá sọ ọ́, tí ẹni náà ò ní pariwo?

Gbọ̀ngán dákẹ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Olùkọ́ kan dárúkọ olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́, ẹlòmíì ní olùdámọ̀ràn náà ló tún ń kọ́ kíláàsì márùn-ún ní ìmọ̀ ọ̀gbìn. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan tó ń pín omi fún wa lẹ́nu ọ̀nà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Ìyá onírẹ́sì ni." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní tí ọmọ ò bá jẹun tán, Ìyá onírẹ́sì máa ń ní kó jókòó ti àwọn kó bá àwọn já ewé, wọn ò sì ní bi í ní nǹkan kan títí yóò fi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo wá wọn lọ sẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n ń fọ ìkòkò. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn, mo ní mo fẹ́ kọ́ wọn ní nǹkan díẹ̀ tí wọ́n máa wò lára ọmọ, àti nọ́ńbà tí wọ́n máa pè. Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n ní, "Àwọn mẹ́ta ti wà tí mo fẹ́ sọ fún yín." Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó lórí ẹ̀, wọ́n sì da ewé rẹ́sì lé mi lẹ́sẹ̀.